Òjò Á Gbé E Lọ

Sábó, Yábàá,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí ilé ìwé parí.

Àjọkẹ́ mi, Folúkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o rán Báyọ̀ sí mi. Ó ní o ń béèrè pé kí ni o ṣe tí mo fi dìde nílé yín lọ́jọ́ Sátidé láì fọwọ́ kan oúnjẹ, tí mo wọ bọ́ọ̀sì nínú òjò bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọkọ rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń fi fìlà nu ojú, ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ èmi ni mo ṣẹ̀ yín, ẹ bá mi wí kó tán síbí." Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ọmọ dáadáa ni. Mo ní kó máa lọ, pé màá kọ lẹ́tà. Mi ò lè fẹnu sọ ọ̀rọ̀ yìí ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi ẹnu ṣiṣẹ́ níwájú àwọn ọmọ kíláàsì, àmọ́ bí mo bá jókòó níwájú rẹ, màá wo ojú rẹ, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.

Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ mí. Iyán rẹ kúnná, mo sì rí i pé ẹja tútù lo fi se ọbẹ̀ nítorí mi. Ilé tuntun tí ẹ kó sí ní Àgùdà náà dára, ó ní fèrèsé, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Ẹ̀rù ló bà mí, Folúkẹ́. Ẹ̀rù gidi, irú èyí tó máa ń mú ẹsẹ̀ èèyàn tutù.

Ó ṣeé ṣe kí o má tiẹ̀ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, torí lójú tìrẹ kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òjò ti ń ṣú láti àárọ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ tó wá le, o fò dìde, o wọ ilé ìdáná, o gbé garawa ìdọ̀tí, o fi ìborùn bo orí, o sáré sọ̀kalẹ̀. Oyún inú rẹ pàápàá ò dá ọ dúró. Mo wà lójú fèrèsé. Mo rí i bí o ṣe da gbogbo rẹ̀ sínú gọ́tà: èèpo iṣu, agolo mílíìkì, ike, ìgò tó fọ́, àti àkísà ìnulẹ̀ kan tó tóbi. Omi gbá a mú, ó ń yí i lọ. Mo pariwo láti òkè, "Folúkẹ́, kí lò ń ṣe yẹn?" O gbójú sókè, òjò ń dà sí ọ lójú, o ń rẹ́rìn-ín, o ní, "Ẹ má dààmú, Màámi, òjò á gbé e lọ!"

Àyà mi já. Kì í ṣe ìdọ̀tí yẹn nìkan, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni. Èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ yẹn. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ náà lo ṣe sọ ọ́, o tiẹ̀ fa "lọ" yẹn gùn bí mo ṣe ń fà á nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ẹ̀yìn mi lo wà, mo pọ̀n ọ́, nígbà tí o kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Nígbà tí o gòkè dé, mo bi ọ́ pé ta ló ń gbé ilé ìsàlẹ̀ yẹn, níbi tí omi gọ́tà ń ṣàn gbà. O ní obìnrin aránṣọ kan ni, ọmọ mẹ́rin, èyí tó kéré jù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ògiri mú rìn. Mo bi ọ́ pé ibo ni wọ́n ti ń rí omi tí ẹ̀rọ ò bá yọ. O ní kànga wà lẹ́yìnkùlé wọn, pé ẹ̀yin náà máa ń pọn níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo gbé báàgì mi.

Wàyí o, jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Bí Báyọ̀ bá wà nílé, jẹ́ kó jókòó tì ọ́.

O mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n bí mi sí. Lọ́dọ̀ ìyá mi, ẹ̀yìn ilé ni ààtàn wà. Ohun tí a bá gbá, ibẹ̀ là ń dà á sí: ewé ẹ̀kọ, èèpo iṣu, pàǹtí àgbàdo, eérú. Òjò á rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á di ilẹ̀ dúdú, tẹ̀tẹ̀ á hù lórí rẹ̀, ìyá mi á já a sè. Kò sí ohun kan nínú ìdọ̀tí wa tí ilẹ̀ ò lè jẹ. Nígbà tí bàbá rẹ gbé mi wá sí Muṣin, tó ń lọ síṣẹ́ rélùwéè ní Ìdó láràárọ̀, mo gbé ìwà ààtàn yẹn tẹ̀ lé e wá. Mi ò ronú pé agolo kì í jẹrà. Mi ò ronú pé kò sí ẹ̀yìn ilé ní Muṣin. Ẹ̀yìn ilé tìrẹ, iwájú ilé ẹlòmíràn ni.

Ilé oníyàrá mẹ́jọ là ń gbé, ojúkojú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín, kànga kan lẹ́yìnkùlé fún gbogbo wa. Gọ́tà wà níwájú. Àṣà àwa obìnrin ilé náà ni pé a kì í gbé ìdọ̀tí lọ síbi tó jìnnà bí a bá ti rí i pé òjò ń bọ̀. A ó tọ́jú rẹ̀ pa mọ́. Bí ojú ọ̀run bá ti dúdú, wàá gbọ́ tí ilẹ̀kùn ń ṣí lọ́tùn-ún lósì, oníkálukú ń gbé tirẹ̀ jáde, a ń rẹ́rìn-ín, a ń pariwo síra wa, "Ẹ tètè o, kó má lọ dá o!" Bí ẹni ń ṣeré ni. Bí omi bá ti gbé e kọjá ilé kejì, ó ti parí lójú wa.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ́ nígbà yẹn, o sì ń tọ̀ sílé bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Bẹ́ẹ̀dì koríko tí o ń sùn lé bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, mo sá a lóòrùn títí, pàbó ni. Bàbá rẹ ra tuntun. Mo tú aṣọ ara ti àtijọ́, mo fọ̀ ọ́, mo fi rán ìrọ̀rí. Koríko inú rẹ̀ ló kù. Ó pọ̀, ó kún àpò ńlá kan. Ó yẹ kí n sanwó fún alágbàrù kó gbé e lọ jù síbi tí wọ́n ń sun ìdọ̀tí. Ọ̀lẹ ṣe mí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ṣọ́ òjò.

Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ló rọ̀, bí mo ṣe ń ti ilé ìwé bọ̀. Òjò ńlá. Mo pọ̀n ọ́, mo wọ́ àpò yẹn jáde, mo tú koríko náà sínú gọ́tà. O ń yọjú lẹ́jìká mi. O ní, "Màámi, bẹ́ẹ̀dì mi dà?" Mo ní, "Òjò á gbé e lọ." O ń pàtẹ́wọ́.

Kò lọ. Ihò kan wà tí gọ́tà fi ń gba abẹ́ títì kọjá, ilé kan péré sí tiwa. Koríko yẹn mu omi, ó wú, ó dí ihò náà pátápátá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi gọ́tà ti yí padà wọ agbolé wa. Ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gba orí kànga kọjá, torí ẹnu kànga náà ò ga. Mo rí ìgbẹ́, mo rí òkú èkúté, mo rí agolo sàdíìnì tó léfòó. Ọ̀sán ni omi tó fà.

Yàrá tó kọjú sí tiwa ni Ìyá Kúdí ń gbé. Ará Ìjẹ̀bú ni, ó ń ta abọ́ tánganran, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Kúdí, tó fi oṣù díẹ̀ jù ọ́ lọ. O rántí Kúdí. Ẹ jọ ń jẹun nínú abọ́ kan ni. Ohun tí o lè má rántí ni pé ní gbogbo ìgbà tí mo bá wà nílé ìwé, Ìyá Kúdí ló ń tọ́jú ọ, ó ń pọ̀n ọ́, ó ń fún ọ lóúnjẹ, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ó dúró lẹ́bàá kànga, ó mú okùn lọ́wọ́, ó ń wo inú rẹ̀. Ó rí mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ṣé omi yìí ò ní ṣe àwọn ọmọ wa ní nǹkan báyìí?"

Folúkẹ́, mo mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó, tí mo ń yẹ èékánná wọn wò, tí mo ń lu ẹni tí tirẹ̀ dúdú. Àmọ́ mo rò ó lọ́kàn mi pé bí mo bá ní omi náà ò dáa, Ìyá Kúdí á pe onílé, onílé á pe wolé-wolé, wolé-wolé á sì fẹ́ mọ ohun tó dí gọ́tà. Irú ẹ̀rù wolé-wolé tó ń bà wá nígbà yẹn, ẹ̀yin ò lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n á pe èèyàn lọ sí kóòtù. Kí wọ́n wá sọ pé tíṣà ni?

Mo ní, "Kò léwu. Ẹ kàn jẹ́ kó tòrò."

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ọkàn mi balẹ̀."

Mo wọ yàrá wa, mo ti ilẹ̀kùn, mo tan sítóòfù, mo gbé omi tiwa kaná. Mo jẹ́ kó hó dáadáa, òun nìkan ni mo sì ń fún ọ mu. Bàbá rẹ wọlé, ó ní, "Ṣé o fẹ́ wẹ̀ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Títí tó fi kú, kò mọ ohun tó yàtọ̀ sí ìyẹn.

Ọjọ́ kẹta, Kúdí bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù. Nígbà tó máa padà wá lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Ọ̀já wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Mi ò tíì gbàgbé ọ̀já yẹn.

Mi ò mọ̀ bóyá omi yẹn ló pa á. Dókítà kankan ò sọ fún mi. Mo ti fi ìyẹn tu ara mi nínú títí, ó ti sú mi. Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí wọ́n bi mí, àti ohun tí mo fi dáhùn.

O bi mí, "Màámi, Kúdí dà?" Mo ní ó ti lọ sí Ìjẹ̀bú lọ́dọ̀ ìyá àgbà. O gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí à ń múra ìgbéyàwó rẹ pàápàá, o ní, "Bóyá Kúdí ọ̀rẹ́ mi ti lọ́kọ ní Ìjẹ̀bú náà." Mo ní iṣẹ́ ń pè mí ní ilé ìdáná. Má bínú sí mi, ọmọ mi. Tàbí kí o bínú, ó tọ́ sí ọ.

Wolé-wolé wá náà nígbà tó yá. Wọ́n fi páànù bo kànga. Wọ́n fi ọ̀pá gígùn fa koríko jáde lábẹ́ títì, ó kún kẹ̀kẹ́ ẹrù kan. Ọ̀gá wọn kó gbogbo wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀dì ta nìyí?" Gbogbo ilé ló ní bẹ́ẹ̀dì koríko. Ó ń wo wa lójú lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Tiwa wà lórí igi bẹ́ẹ̀dì, ẹ wọlé wò ó." Òótọ́ ni, tuntun wà níbẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́ta tí mo fi bẹ bàbá rẹ pé kí á kó lọ sí Yábàá.

Tíṣà ni mí, jẹ́ kí n to ìmọ̀ràn mi fún ọ bó ṣe yẹ.

Ìkíní. Bí o bá ti ń ka ibí yìí, kí ẹ̀yin méjèèjì wá ṣọ́bìrì. Kí Báyọ̀ bá ọ lọ síbi tí gọ́tà ti wọ abẹ́ títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé aránṣọ yẹn, kí ẹ kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Kì í ṣe tiyín nìkan, gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o kan ilẹ̀kùn obìnrin náà, kí o sọ fún un pé ìwọ lo da ìdọ̀tí sínú òjò. Má sọ pé "àwọn èèyàn". Má sọ pé "ó dà bíi pé". Ní ìwọ ni, kí o sì ní kó máa se omi kó tó fún àwọn ọmọ rẹ̀ mu; kí ẹ̀yin náà máa se tiyín. Bó bá bú ọ, dúró gbà á. Èébú kì í wọ kànga.

Èkejì, ọ̀rọ̀ "lọ" yẹn. Mo ti rò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí o bá fẹ́ sọ pé nǹkan á lọ, kọ́kọ́ bi ara rẹ pé: lọ sọ́dọ̀ ta ni? Ìdọ̀tí wa ò ní ìlú tirẹ̀ tó ń lọ. Ó ń lọ sílé ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ, ó ń lọ sínú ọ̀sà tí àwọn apẹja ti ń pa ẹja tí o fi se ọbẹ̀ fún mi. Bí o bá ti lè dárúkọ ẹni tó ń lọ bá, mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ò ní lè dà á nù mọ́, torí o láàánú.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni pé kí o má jẹ́ kí n gbọ́ "ìjọba ni" lẹ́nu rẹ. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ìdọ̀tí kì í wá bó ṣe yẹ. Mo mọ̀ pé o ti sọ ọ́ títí. Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo wa ń sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Muṣin. Bó bá jẹ́ ìjọba ló ni gọ́tà, ta ló ni ọwọ́ tó da koríko sí i? Ra garawa tó ní ìdérí. Kó èèpo àti ewé sọ́tọ̀, kí o bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé níbi tí ilẹ̀ wà, ilẹ̀ á jẹ ẹ́. Agolo àti ìgò, gbé e fún àwọn tó ń rà á kiri. Èyí tó bá kù, ẹ jọ gbé e lọ síbi tí wọ́n ń kó o jọ, bó tilẹ̀ jìnnà. Ó ń rẹni lóòótọ́. Mo ti ń rìn ín láti ogún ọdún ó lé, àwọn ará ilé mi ní Sábó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Onígarawa. Kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, àbí ẹ̀kẹta ni mo dé? Má gbẹ́kẹ̀ lé ìwé tí o kà. O ti gba iṣẹ́ ìjọba, o ń jókòó nídìí tábìlì, wọ́n ń pè ọ́ ní Àǹtí. Wọ́n á máa bi ọ́ ní nǹkan. Ẹni tí wọ́n ń gbà gbọ́, tó bá purọ́ kan péré, irọ́ náà ń wọ ilé tí òun fúnra rẹ̀ ò lè wọ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́ láti ọwọ́ rẹ, pariwo lójú ẹsẹ̀. Ká ní mo pariwo lẹ́bàá kànga yẹn, kí ni wọ́n ì bá fi mí ṣe? Kí wọ́n gbé mi lọ sí kóòtù, kí n pàdánù iṣẹ́, kí bàbá rẹ bínú. Gbogbo ìyẹn ì bá ti tán tipẹ́tipẹ́.

Láti Sátidé, mi ò sùn dáadáa. Bí páànù bá ti dún, mo ti dìde jókòó. Mo ń rí ọmọ aránṣọ yẹn tó ń di ògiri mú, bẹ́ẹ̀ mi ò tilẹ̀ mọ ojú rẹ̀. Mo ń rí ìwọ náà, tí o gbé ike omi sẹ́nu pẹ̀lú oyún nínú. Ojú ọ̀run tún ti ń dúdú bí mo ṣe ń kọ èyí, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó jọ̀wọ́ dá a dúró di ọ̀la.

Ó ku ohun kan. Ìyá Kúdí ṣì wà ní Muṣin. Ó ti dàgbà, ṣọ́ọ̀bù abọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kò bímọ mọ́ lẹ́yìn Kúdí. Mo máa ń pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ìgbà tí a pàdé tí kì í sọ pé, "Tíṣà, ọ̀rẹ́ Kúdí mi ńkọ́?" Ìwọ ló ń pè bẹ́ẹ̀. Lóṣù tó kọjá mo ní o ti lóyún. Ó gbé ọjà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè láàárín àwọn oníbàárà, ó ní, "Ọlọ́hun á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Èyí tó ṣe mí, Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kó ṣe é." Mo ṣe àmín. Folúkẹ́, mo ṣe àmín lójú rẹ̀ gbangba.

Lánàá lẹ́yìn ìsìn, mo dé ẹnu àdúgbò wọn. Mo rí i tó jókòó lórí àpótí, tó ń nu abọ́. Mo yí padà níbẹ̀. Mo tún ń lọ ní Sátidé. Kóòtù ò bà mí lẹ́rù mọ́, èmi náà ti darúgbó. Àdúrà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, tó ní òun gba àdúrà òun padà lórí ọmọ mi, mi ò ní lẹ́nu tí màá fi bẹ̀ ẹ́. Mo ti sọ lọ́kàn ara mi pé kí n dúró kí o bí i tán ná, kí n tó lọ. Mo wá rí i pé irú ìrònú tí mo rò lẹ́bàá kànga náà ni mo tún ń rò yẹn.

Nítorí náà màá lọ. Mo mọ̀ pé yóò kọ́kọ́ béèrè rẹ kí n tó jókòó. Màá sọ fún un pé ọ̀rẹ́ Kúdí wà láàyè, pé omi tí mo sè ló mu.

Èmi ìyá rẹ ni,
tó ń bẹ̀ ọ́ pé kí o gbàdúrà fún mi ní Sátidé bí o bá ṣì lè ṣe é.